Àwọn fíìmù Lennart Meri lórí ìran Finno-Ugric: ṣé kámẹ́rà lè fi okùn ẹbí hàn?

Kúnlé_Tartu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tartu ní Ẹstóníà ni mo wà, ẹ̀kọ́ ló gbé mi débí. Àwọn ará ibí máa ń ya Sátidé kẹta nínú oṣù October sọ́tọ̀ fún àwọn ìbátan wọn tó wà lókèèrè, Finland àti Hungary náà ń ṣe é, wọ́n á kọrin, wọ́n á wọ aṣọ ìbílẹ̀, wọ́n á wo fíìmù. Ibẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ Lennart Meri, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn mi mọ́, torí ẹ̀ ni mo ṣe gbé e wá síbí, mo mọ̀ pé a ní àwọn tó ń ya fíìmù àtàwọn olùkọ́ èdè láàrin wa.

Fún ẹni tí kò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí: Meri yìí náà ló ṣe ààrẹ Ẹstóníà láti 1992 sí 2001. Àmọ́ nígbà tí Sófíẹ̀tì ṣì jókòó lé wọn lórí, ìwé ló ń kọ, fíìmù ló ń yà. Ó gbé kámẹ́rà, ó ń tọ ìran Finno-Ugric, ìyẹn àwọn tí èdè wọn bá ti Ẹstóníà, Finland àti Hungary tan, kiri láti etí òkun Baltic títí kọjá òkè Ural, títí dé Taymyr lápá òkè pátápátá ní Sìbéríà. Ní 1970 ó gbé Veelinnurahvas jáde, ìyẹn Àwọn Èèyàn Ẹyẹ Omi. Ní 1977 ó ṣe Linnutee tuuled, Afẹ́fẹ́ Ọ̀nà Ìràwọ̀. Ní 1989 ó ṣe Toorumi pojad, Àwọn Ọmọ Torum. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí: ẹbí ni wá.

Ìbéèrè mi wá nìyí. Ará Budapest ní Hungary tó wọ kóòtù lọ síbi iṣẹ́ báǹkì, àti Nganasan ará Taymyr tó ń da àgbọ̀nrín lórí ilẹ̀ yìnyín, wọn ò gbọ́ra wọn lédè, wọn ò jọra lójú, ẹ̀sìn wọn ò pa pọ̀, ọ̀nà tó wà láàrin wọn jìn kọjá sísọ. Kí lèèyàn fẹ́ ya nínú ìyẹn tí yóò fi di ẹbí lójú ẹni tó ń wò ó?

Olùkọ́_Èdè_Ìbàdàn

Kúnlé, o káre. Jẹ́ n kọ́kọ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú. Èdè ló jẹ́ ká mọ̀ pé ìbátan ni wọ́n, kì í ṣe ojú, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 1769 àlùfáà Jesuit kan tó jẹ́ ọmọ Hungary, János Sajnovics, bá ọ̀gá ẹ̀ Maximilian Hell lọ sí Vardø lókè Norway láti wo bí ìràwọ̀ Venus ṣe máa gba ojú oòrùn kọjá. Níbi tó ti ń dúró de oòrùn ló ti ń tẹ́tí sí àwọn Sámi, ó sì rí i pé èdè wọn àti èdè tòun jọ ń tan. Ó tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀ ní 1770. Inú ọ̀pọ̀ ọmọ Hungary ò dùn sí i nígbà náà o, torí wọ́n ń wá baba ńlá tó jẹ́ jagunjagun, ẹnì kan wá ń sọ fún wọn pé apẹja ni mọ̀lẹ́bí wọn.

Báwọn onímọ̀ ṣe ń mọ̀ ni pé wọ́n máa ń kó àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ kékeré ń kọ́kọ́ mọ̀ jọ, omi, ọwọ́, ẹja, ojú, kí wọ́n wá wò ó bóyá ìró inú èdè kan ń bá ti èkejì mu létòlétò, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń bá a mu lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí. Gbogbo àwọn tó ń sọ èdè inú ìdílé náà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 25, ó sì ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ ọmọ Hungary. Finland àti Ẹstóníà tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù, Mari, Udmurt, Komi, Erzya, Moksha, Khanty, Mansi, Nenets, abẹ́ Rọ́ṣíà ni wọ́n wà, àwọn kan ò sì tó nǹkan mọ́.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, ìwádìí DNA fi hàn pé àwọn aládùúgbò wọn ní Yúróòpù ni ọmọ Hungary ìsinsìnyí jọ jù. Èdè lè rìn jìnnà kó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè rẹ fi le.

Àjàní_Kámẹ́rà

Olùkọ́ wa, ẹ ṣé mà. Kúnlé, mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ fíìmù tí kì í ṣe ìtàn àròsọ, Abẹ́òkúta ni mo fi ṣe ibùdó, ọ̀rọ̀ tóo gbé kalẹ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo wá Linnutee tuuled wò lálẹ́ àná lórí ohun tóo sọ.

Ohun tí Meri máa ń ṣe ni pé ó máa fi iṣẹ́ kan hàn níbì kan, á wá gbé ẹ lọ síbòmíràn tó jìnnà tí wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀. Ọwọ́ lò ń wò. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ igi, bí wọ́n ṣe ń po nǹkan, bí wọ́n ṣe ń di aṣọ ìyàwó. Tóo bá ń wò ó fún ìgbà díẹ̀ o ò ní mọ ìgbà tí wọ́n ti mú ẹ kúrò nílùú kan bọ́ sí òmíràn. Ó dùn ún wò, mi ò purọ́. Ẹni tó gé fíìmù yẹn mọṣẹ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tí gbogbo ẹni tó ń gé fíìmù mọ̀. Tí mo bá ya ìyá kan ní Ìsẹ́yìn tó ń lọ ata lórí ọlọ, tí mo wá ya ìyá kan ní Mexico tó ń lọ àgbàdo lórí ọlọ tiẹ̀, tí mo gé e pọ̀ dáadáa, tí mo fi ìlù kan sí i lábẹ́, gbogbo ayé á gbà pé ìyá kan ló bí àwọn méjèèjì. Àwòrán kì í kọ̀ fún ẹni tó ń gé e. Torí náà àwòrán nìkan ò lè jẹ́ ẹ̀rí ìbátan láyé, iṣẹ́ ọwọ́ tèèyàn ń fi ọbẹ àti igi ṣe ò lè ṣe kó má jọra.

Kúnlé_Tartu

Ẹ̀gbọ́n Àjàní, ọ̀rọ̀ yín dùn mí díẹ̀ torí ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú fíìmù yẹn nìyẹn, àmọ́ mo gbọ́. Kí lẹ wá fẹ́ sọ nípa ètò béárì inú Toorumi pojad? Ìyẹn kọjá ọlọ.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún àwọn tí kò tíì wò ó. Lọ́dọ̀ àwọn Khanty tó wà lẹ́bàá odò Ob ní Sìbéríà, ọmọ ọba ọ̀run tó ń jẹ́ Torum ni béárì, ọ̀run ló ti wá. Tọ́dẹ bá pa á, wọ́n á gbé e wọlé bí ẹni gbé àlejò pàtàkì, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n á gbé orí ẹ̀ lé àárín ọwọ́ iwájú ẹ̀ méjèèjì, wọ́n á fi aṣọ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀. Alẹ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe é tó bá jẹ́ akọ, mẹ́rin tó bá jẹ́ abo. Orin, ijó, eré ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń fi bòòjú tí wọ́n fi èèpo igi ṣe ṣe. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́ kó má bínú. Àwọn orin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé béárì fúnra ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, "èmi" ló ń bá a lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń ròyìn bí bàbá òun ṣe fi ẹ̀wọ̀n sọ òun kalẹ̀ láti òkè ọ̀run wá sáyé.

Ọmọ_Ọọ̀ni_Texas

HÁÀ. Ẹ dúró ná. Ẹ̀wọ̀n? Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n sọ ọ́ kalẹ̀ láti ọ̀run??? Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹni tó fi ẹ̀wọ̀n sọ̀ kalẹ̀ sí Ilé-Ifẹ̀ kọ́ ni baba wa? Ẹ wò ó, mo tún lọ kà á, wọ́n láwọn Finno-Ugric gbà pé omi ló bo gbogbo ayé níbẹ̀rẹ̀, ẹyẹ omi kan ló rì lọ sísàlẹ̀ tó gbé erùpẹ̀ wá sókè tí ilẹ̀ fi wà. Àwa náà ńkọ́? Omi, erùpẹ̀, àkùkọ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé lásán lásán nìyẹn. Àwọn baba wa rìn jìnnà ju bí ìwé ṣe wí lọ, ó yẹ kẹ́nì kan ya fíìmù lórí ẹ̀.

Olùkọ́_Èdè_Ìbàdàn

Ọmọ Ọọ̀ni, mo mọ ayọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ, mi ò sì ní bá ẹ jà. Àmọ́ farabalẹ̀ gbọ́ mi. Ìtàn ẹyẹ tó rì sínú omi lọ gbé erùpẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn èèyàn púpọ̀ ní àríwá ayé, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti òkè lọ́hùn-ún. Ọ̀run wà lókè, ayé wà nísàlẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní láti rí nǹkan dì mú. Ìtàn a máa jọra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bí ẹnikẹ́ni.

Fi wé ìbátan àwa àtàwọn Lukumí ní Cuba. A mọ ọkọ̀ tó kó wọn, a mọ nǹkan bí ìgbà tó kó wọn, tóo bá gbọ́ orin wọn fún Yemọja tàbí Ṣàngó wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú ẹ̀, ohùn á ti yí padà, síbẹ̀ wàá gbọ́ ọ. Ìbátan nìyẹn, nǹkan bí igba ọdún lásán ló wà láàrin. Tàwọn Hungary àti Khanty tó ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan, etí nìkan ò lè gbọ́ ọ mọ́, ó di kéèyàn jókòó tì í. Síbẹ̀ ọ̀nà kan náà ni: ohùn lo máa tẹ̀ lé. Ẹ̀wọ̀n nìkan ò tó.

Àjàní_Kámẹ́rà

Ẹ wò ó, ibi tí Olùkọ́ fi ọwọ́ kàn yìí gan-an ni mo ń lọ.

Tó bá jẹ́ pé inú ohùn ni ìbátan wọn wà, a jẹ́ pé ohùn lohun tó yẹ kí fíìmù yẹn gbé ga ju gbogbo nǹkan lọ. Kí alálàyé panu mọ́. Kí orin béárì yẹn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tí yóò fi tán, kí n gbọ́ bó ṣe ń mí, kí n gbọ́ ibi tó ti tún ọ̀rọ̀ kan sọ. Nínú àwọn fíìmù yẹn, alálàyé ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ dára, ọ̀rọ̀ akéwì ni, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà tí ìyá kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin mo máa ń fẹ́ kó dákẹ́ kí n gbọ́ ìyá yẹn. Ká ní ìjálá ni wọ́n ń sun níwájú mi, mi ò jẹ́ gbà kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lé ọdẹ lórí.

Ọdẹ tiwa náà kì í pa ẹfọ̀n tàbí erin kó kàn máa lọ, ó ní ohun tó ń wí fún un. Mo sọ ìyẹn kí Ọmọ Ọọ̀ni má baà bínú sí mi o. Àmọ́ ìwà ọdẹ nìyẹn, kì í ṣe ìbátan.

Mọ́rẹ́nikẹ́_Pẹ́kámù

Ẹ kú àsọyé gbogbo yín. Ohun kan wà tẹ́nikẹ́ni ò tíì sọ o, ta ló di kámẹ́rà mú?

Ọmọ Ẹstóníà ni Meri. Ọlọ́pọlọ ni, ìfẹ́ ló sì mú un jáde nílé, mo gbà. Àmọ́ àlejò ni lọ́dọ̀ Khanty, àlejò ni lọ́dọ̀ Nganasan. Ó ya ṣámánì Nganasan kan tó ń jẹ́ Demnime ní Taymyr ní 1977, ìyẹn ẹni tó ń bá ẹ̀mí sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn èèyàn ẹ̀. Fíìmù yẹn ò jáde àfi ní 1997. Ogún ọdún! Ẹ rántí pé ìjọba Sófíẹ̀tì ti fojú àwọn ṣámánì rí màbo, wọ́n gba ìlù lọ́wọ́ wọn, wọ́n kó àwọn mìíràn lọ sẹ́wọ̀n. Ìwọ àlejò tóo gbé irú ìyẹn sínú fíìmù, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tóo yà lẹ́yìn tóo bá ti lọ? Ìbéèrè tí gbogbo oní kámẹ́rà gbọ́dọ̀ bi ara wọn nìyẹn kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Anastasia Lapsui. Ọmọ Nenets ni, Yamal lókè Sìbéríà ni wọ́n bí i sí ní 1944, rédíò ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún, ó ń gba ìtàn àti orin àwọn èèyàn ẹ̀ sílẹ̀, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ fíìmù pẹ̀lú Markku Lehmuskallio ará Finland. Ní 2000 wọ́n gbé fíìmù kan jáde tí wọ́n ń sọ èdè Nenets nínú ẹ̀, tí Nenets fúnra wọn ṣeré nínú ẹ̀. Ẹ lọ wo bí àwọn èèyàn yẹn ṣe ń jókòó níwájú kámẹ́rà. Wọ́n jókòó bí onílé.

Kúnlé_Tartu

Àǹtí Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹ ṣé gan-an, mi ò mọ̀ nípa Lapsui. Àmọ́ ẹ jẹ́ n gbèjà Meri díẹ̀, torí mi ò lè wò ó bí àlejò lásán.

Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ìjọba Stalin kó òun àti ìyá àti bàbá àti àbúrò ẹ̀ kúrò nílé ní 1941, wọ́n kó wọn lọ jìnnà sínú Rọ́ṣíà. Nígbà tó dàgbà tán tó kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn jáde ní yunifásítì Tartu níbí ní 1953, wọn ò jẹ́ kó fi ìmọ̀ ìtàn yẹn ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n ti gba ilẹ̀ baba ẹ̀, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ ìtàn ẹ̀, ló wá gbé kámẹ́rà tọ àwọn tí wọ́n jọ wà lábẹ́ àjàgà kan náà lọ. Nígbà yẹn, kéèyàn dúró ní Sófíẹ̀tì kó máa sọ pé mọ̀lẹ́bí òun wà ní Finland, wọ́n wà ní Hungary, wọ́n wà lẹ́bàá odò Ob, wọ́n sì ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí Moscow tó dé, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Wọ́n fòfin de Linnutee tuuled nílé, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà ní New York. Ní Finland wọ́n fi àwọn fíìmù ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ iléèwé nípa ìbátan wọn.

Torí náà nígbà tó bá ń wí pé "ẹbí ni wá", lójú tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà nìkan ló ń sọ. Ó ń sọ fún Udmurt kan tó wà ní abúlé pé ìwọ nìkan kọ́ lo kù láyé.

Olùkọ́_Èdè_Ìbàdàn

Ìyẹn ká mi lára, Kúnlé. Udmurt tóo dárúkọ yìí, ṣé o gbọ́ nípa Albert Razin? Onímọ̀ ni, Udmurt ni, ọjọ́ orí ẹ̀ ti lé ní àádọ́rin. Ní 2018 Rọ́ṣíà ṣe òfin tó sọ èdè ìbílẹ̀ di ohun tí ọmọ lè kọ́ níléèwé tó bá wù ú, kò di dandan mọ́. Ní oṣù September 2019 Razin dúró níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Izhevsk, olú ìlú àwọn Udmurt, ó sì dáná sun ara ẹ̀ torí èdè ẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lè kà nípa ẹ̀ kí ara mi má bù màṣọ̀. Iṣẹ́ èdè ni mo ń jẹ.

Obìnrin kan náà wà tí mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀. Klavdiya Plotnikova lorúkọ ẹ̀, Kamas ni, lápá gúúsù Sìbéríà. Òun lẹni ìkẹyìn tó gbọ́ èdè yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà láìní ẹnì kan tó lè bá sọ ọ́, àdúrà ló fi ń gbà kó má baà gbàgbé. Àwọn onímọ̀ èdè ti Tartu ló lọ bá a, wọ́n gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó wà nínú Veelinnurahvas, wọ́n tún mú un wá sí àpérò Finno-Ugric ní Tallinn ní 1970. Ó kú ní 1989. Èdè yẹn bá a lọ.

Àjàní_Kámẹ́rà

Olùkọ́, mo kà á, mo tún un kà.

Ẹ ò wá rí i pé ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń yàwòrán ara wọn tipẹ́, mo kà á pé ọmọ ọdún 21 kan, Johannes Pääsuke, ti gbé kámẹ́rà fíìmù lọ sọ́dọ̀ àwọn Seto, ìran kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Ẹstóníà, ní 1913, ó ya ọjà, ó ya ijó. Iṣẹ́ iyebíye ni. Àmọ́ kò sóhùn níbẹ̀! Seto tí gbogbo ayé ń wárí fún orin wọn, tí UNESCO fi orin leelo wọn sínú ìwé ní 2009, ìwọ ń wò wọ́n tẹ́nu wọn ń ṣí tí ń pa dé, o ò gbọ́ nǹkan kan. Kámẹ́rà ìgbà yẹn ò lè gbohùn, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọkùnrin yẹn. Àwa tí tiwa lè gbohùn ńkọ́? Mo ń rí fíìmù lónìí tí wọ́n gbé dúróònù sókè, wọ́n ya odò, wọ́n ya igbó, gbogbo ẹ̀ ń dán yanranyanran, àgbàlagbà kan bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan, ìṣẹ́jú kan ò pé wọ́n ti fi orin dùùrù bò ó mọ́lẹ̀. Ó máa ń dùn mí débi pé mi ò ní lè wò ó tán.

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n ṣe fíìmù ìbátan wọ̀nyí, màá lọ bá ìyá ìkókó kan ní Hungary, ọ̀kan ní Ẹstóníà, ọ̀kan ní Mari, ọ̀kan lọ́dọ̀ Khanty, kí wọ́n kàn máa rẹ ọmọ wọn lẹ́kún. Láìsí alálàyé. Ẹni tó bá ní etí á gbọ́ ibi tó ti pàdé àti ibi tó ti pínyà.

Mọ́rẹ́nikẹ́_Pẹ́kámù

Fíìmù tẹ́ ẹ sọ yẹn, màá sanwó wò ó ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ta ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ débẹ̀? Látìgbà tí Rọ́ṣíà ti wọ Ukraine ní 2022, àárín àwọn ará Ẹstóníà àti mọ̀lẹ́bí wọn ní Rọ́ṣíà ti dàrú. Ilẹ̀ Khanty sì rèé, epo rọ̀bì ni wọ́n ń wà níbẹ̀, ibẹ̀ lèyí tó pọ̀ jù nínú epo Rọ́ṣíà ti ń jáde. Ẹni tó bá mọ ohun tí epo ṣe fún odò àwọn ará Ìlàjẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Igbó tí béárì ń gbé ni wọ́n ń la páìpù gbà.

Kúnlé_Tartu

Òótọ́ ni. Ó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ti yà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kù tí wọ́n ń dì mú báyìí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá wọn wà níbí ní Tartu, ilé tuntun ni, 2016 ni wọ́n ṣí i, wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn Finno-Ugric níbẹ̀. Lóṣù October tó ń bọ̀ wọ́n tún máa fi fíìmù hàn, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí n bi wọ́n.

Ọmọ_Ọọ̀ni_Texas

Bi wọ́n nípa ẹ̀wọ̀n yẹn fún mi, jọ̀ọ́. Mo ti gbọ́ ohun tí Olùkọ́ wí, mo sì gbà á, àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ orin yẹn gan-an, ibi tí béárì ti ń sọ bí ẹ̀wọ̀n ṣe ń dún bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Àjàní_Kámẹ́rà

Tèmi rèé, kọ ọ́ sílẹ̀ kóo má gbàgbé. Fíìmù tó jáde kì í ju díẹ̀ lọ nínú ohun tí wọ́n yà. Orin tí wọ́n gé kúrò ńkọ́, ṣé wọ́n tọ́jú ẹ̀? Àti ohùn tí kò ní àwòrán. Tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀, ṣé wọ́n ti ṣe ẹ̀dà ẹ̀ fún àwọn ọmọ Khanty àti Nganasan tó ni ín, kí wọ́n lè máa gbọ́ baba wọn láìkọ lẹ́tà sí Tartu?